Bí Ọyẹ́ Ṣe Ń Ṣílẹ̀kùn Ìgbẹ́ fún Ọdẹ

Ẹran kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní pronghorn. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní ìgalà ni, àmọ́ kì í ṣe ìgalà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹtu. Kò sí ẹran orí ilẹ̀ mìíràn lápá ibẹ̀ tó lè bá a sáré. Ó lè sá nǹkan bíi kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Ohun tó ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ni yìnyín. Ní ìpínlẹ̀ bíi Wyoming, òtútù lè lọ sílẹ̀ ju 30 lọ sábẹ́ òdo, kí yìnyín sì bo igi kúkúrú tó ń jẹ mọ́lẹ̀. Ẹran tó ń sá bí ọfà á wá máa wọ́ ẹsẹ̀. Á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lágbo ńlá, wọ́n á máa wá ibi tí yìnyín kò jìn sí. Ọdẹ ibẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ipasẹ̀ wọn sì wà nínú yìnyín ketekete. Lọ́dún tí òtútù bá le jù, ebi á ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí ìbọn kankan.

Àwa ò ní yìnyín. Ohun tí a ní ni ọyẹ́. Ẹni tó bá ti lo oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́ mọ ohun tí mò ń wí: ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á la, òrí á di ọ̀rẹ́ gbogbo ilé, eruku á bo ojú ọ̀run títí oòrùn á fi dà bí òṣùpá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ nǹkan kan nípa ọyẹ́ ju ìyà tó fi ń jẹ ara lọ. Àmọ́ fún ọdẹ Ìgbómìnà láyé àtijọ́, ọyẹ́ ni kọ́kọ́rọ́. Òtútù tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹran ní Wyoming, àbúrò rẹ̀ ló ń ṣí ìlẹ̀kùn ìgbẹ́ fún ọdẹ níbí. Ìtàn ìlẹ̀kùn yẹn ni mo fẹ́ sọ: bó ṣe ń ṣí, ohun tó ń tì í, àti bó ṣe di pé kò tì mọ́.

Atẹ́gùn ni ọyẹ́. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀kan lára ibi tó ti ń kó eruku jù lọ ni ilẹ̀ jíjìn kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé ọjọ́un kó tó gbẹ. Nǹkan bí oṣù Kọkànlá ló ń dé. Tó bá di oṣù Kejì tàbí Kẹta, atẹ́gùn tó ń ti ojú òkun bọ̀ á lé e padà. Òtútù rẹ̀ kò tó ti ìlú òyìnbó. Lóru ní agbègbè Ìlọrin, ó lè já sí 16 tàbí 17, kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà sì gbóná ju 30 lọ. Kì í ṣe òtútù gan-an ló ń ṣiṣẹ́ fún ọdẹ. Gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn tí omi kò sí nínú rẹ̀ á máa fa omi kúrò lára gbogbo nǹkan: ewé, koríko, ilẹ̀, igi, awọ ara èèyàn, àti ẹ̀tù ìbọn.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó, kì í sì í ṣe pápá gbalasa bíi ti Sókótó. Ó wà láàárín méjèèjì. Igi wà káàkiri, igbó dúdú wà létí odò, àmọ́ koríko ló ni èyí tó kù. Lásìkò òjò, koríko yẹn lè ga ju ọkùnrin gíga lọ. Ẹ rò ó wò ná: ọdẹ tó wọ inú rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án kò lè rí ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ níwájú ara rẹ̀. Ẹran á gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó rí ẹran. Ejò wà nísàlẹ̀. Odò Ọ̀yun kún, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn káàkiri kún, gbogbo kòtò ló gba omi sára, nítorí náà ẹran lè mu omi níbi tó bá wù ú. Kò sí ojú kan tí èèyàn lè dúró sí kó ní òun ń dè é. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni àgbẹ̀. Ìgbà tí èpò ń jà lóko kọ́ ni èèyàn ń lọ sùn nínú ìgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tún wà níbẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i. Ẹ̀tù yẹn, èédú wà nínú rẹ̀, imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, oríṣi iyọ̀ kan tó ń mú kó jó sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń fa omi mọ́ra. Lọ́jọ́ tí òjò bá ta sí i, tàbí tí ìrì bá wọ̀ ọ́, ìbọn á kàn ṣe "ṣẹ̀ẹ̀" lásán ni, ẹran á sì ti dé Ọ̀ffà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀tù sínú ìwo tàbí akèrègbè tí wọ́n dé pinpin, tí wọ́n sì ń gbé e kọ́ síbi tí ooru ààrò lè dé. Ooru ni mo wí o, kì í ṣe iná. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo ìyọnu yẹn dópin. Ẹ̀tù gbẹ, ìbọn dún.

Nítorí náà, òjò ló ń ti ìgbẹ́ pa. Kò sí òfin tó sọ pé kí ọdẹ má pa ìgalà lóṣù Kẹjọ, koríko ló sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá, ẹran bímọ, ó tọ́ ọmọ, ó sanra, kò sí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ọdẹ tó mọṣẹ́ dunjú ṣì ń pa ẹran nígbà òjò, n kò jiyàn, pàkúté àti takuté náà kì í sinmi. Àmọ́ ìdẹ̀ra wà fún ẹran.

Kí ìlẹ̀kùn náà tó ṣí tán, iná gbọ́dọ̀ dé. Kí iná tó dé, ẹlòmíì wà tó fẹ́ gba koríko. Kí páànù tó gbòde, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ koríko yìí tóbi débi pé wọ́n ní ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó bẹẹrẹ wá fún bíbo ààfin. Iye ọdún Bẹẹrẹ tí ọba bá ṣe ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tó lò lórí ìtẹ́. Ẹ ò rí i bí? Iye ìgbà tí koríko gbẹ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ìjọba. Ẹni tó bá wá sọ iná sí pápá kí wọ́n tó gé bẹẹrẹ, òrùlé odindi àdúgbò ló sun. Ẹni tó sọ ọ́ kí àwọn àgbẹ̀ tó ro ẹ̀gbẹ́ oko àti ẹ̀gbẹ́ àká iṣu, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló sun. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ koríko kì í fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ní ìṣáná lọ́wọ́. Olúọdẹ àti àwọn àgbà ló ń dá ọjọ́.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti bọ Ògún. Wọ́n á wo atẹ́gùn. Ọyẹ́ ṣeé gbára lé nínú èyí, torí ibì kan náà ló sábà máa ń ti fẹ́ wá. Àwọn díẹ̀ á lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, àwọn ni wọ́n á ṣáná. Àwọn yòókù, tọmọdé tàgbà, á tò síwájú: létí odò, lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ jó kí iná má bàa ré kọjá. Ìbọn kì í pọ̀ lójú ibẹ̀, torí èèyàn ti pọ̀ jù. Kùmọ̀, àdá, àwọ̀n àti ajá ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ iná kí ẹ tó rí i. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti òjò ńlá lórí páànù. Àwòdì á ti kún ojú sánmà, wọ́n á máa já wálẹ̀ gbé tata tí èéfín ń lé jáde. Àparò á fò pẹ̀ẹ́. Ehoro á yọ. Ọ̀yà kì í fẹ́ fi koríko sílẹ̀, á dúró títí ooru á fi bá a, ìgbà náà ni yóò tú jáde, ajá á sì kì í mọ́lẹ̀. Bí orí bá wá ṣe é, ìgalà kan á já gba àárín àwọn èèyàn kọjá, gbogbo ènìyàn á figbe ta, ẹni tí kò gbé kùmọ̀ rí á ju bàtà rẹ̀ lù ú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pín ẹran. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹran léṣe ní tirẹ̀, ẹni tó bá a parí rẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n á yọ ti àgbà ọdẹ, ìjà díẹ̀ á sì wáyé bó ti yẹ.

Èrò àwọn tó wá wòran ni pé ọjọ́ iná ni òpin rẹ̀. Fún ọdẹ gidi, ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Eérú bo ilẹ̀ lọ rẹrẹ. Eérú rọ̀, ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́ á fi àmì sílẹ̀: pátákò ẹtu bíńtín bí ìka ọmọdé, ti ìgalà tó gùn díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ awó bí àgbélébùú. Ohun tí yìnyín ń ṣe fún ọdẹ pronghorn gan-an nìyí. Tiwọn funfun, tiwa dúdú, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà. Bí etí ipasẹ̀ bá ṣì mú, ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ ẹ rọ́, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ tẹ̀lé e.

Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì kan, ohun ìyanu á ṣẹlẹ̀. Òjò ò rọ̀, síbẹ̀ koríko á rú. Omi tó ṣẹ́ kù ní gbòǹgbò nísàlẹ̀ ló ń lò. Ní gbogbo ilẹ̀ tó ti gbẹ, ibi tó jó nìkan ló wá ní ewéko tútù, rírọ̀, aládùn. Àwọn Fúlàní darandaran mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ń da màlúù sí. Ẹtu àti ìgalà náà mọ̀ ọ́n. Láàárín àkókò yìí, àwọn odò kéékèèké ti gbẹ, ó ku ọ̀gọ̀dọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi. Ibi méjì péré ló wá kù tí ẹran gbọ́dọ̀ wá: ibi tí koríko ti rú, àti ibi tí omi ṣẹ́ kù sí. Ẹran tó fọ́n ká gbogbo ìgbẹ́ nígbà òjò á wá dà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọdẹ á gun igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, á gbé gbérí rẹ̀ wọ̀, á jókòó.

Ìjókòó yẹn kì í ṣe eré. Kò lè dáná. Òtútù á máa wọ eegun. Ewé gbígbẹ lábẹ́ igi ń ké bí ẹni ń jẹ gúgúrú, tó fi jẹ́ pé ó ń gbọ́ ẹran, ẹran náà sì ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí atẹ́gùn á ti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá a, kí òórùn rẹ̀ má bàa ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kùrukùru ọyẹ́ bá ki, ojú ò ní rí ọ̀ọ́kán. Àwọn àgbà ọdẹ tún máa ń sọ pé ẹran kì í tètè dìde láàárọ̀ ọyẹ́, pé ó ń dúró de oòrùn bíi tiwa. Ikọ́ ọyẹ́ sì ti gba ẹ̀mí ìgalà là ju òfin ìjọba kankan lọ.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, ó ti di àṣà láti dá ọdẹ lẹ́bi fún un. Wọ́n á ní ọdẹ ló sọ igbó di pápá. Mo fẹ́ ká lọ sí Olókeméjì lórí ìyẹn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Apá kan, iná ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Apá kejì, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù. Apá kẹta, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ fúrúfúrú. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún 28, Charter àti Keay lọ ka igi ibẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960. Apá tí iná ò kàn ti ń di igbó. Apá tí wọ́n ń sun nígbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá, igi rẹ̀ ò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín méjèèjì: igi wà, koríko wà.

Ilẹ̀ kan náà, ìṣáná kan náà. Oṣù mélòó kan péré ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Iná tí wọ́n sọ nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á jó koríko, á fò ibi tó tutù, á sì fi ibi ìsápamọ́ sílẹ̀ fún ẹran. Iná oṣù Kẹta á jó títí dé ẹ̀ka igi, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Ní tèmi o, ohun tó yẹ ká béèrè kì í ṣe ta ló sun ìgbẹ́. Oṣù wo ló sun ún? Ta ló dá ọjọ́ fún un?

Ìgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan nínú ìtàn wa. Ní Èsìẹ́, ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ló kọ́kọ́ rí àwọn ère òkúta tó sọ ìlú náà di olókìkí, èyí tó ju 800 lọ. Ní 1933 ni òyìnbó kan tó ń bójú tó ilé ìwé, H. G. Ramsay, sọ̀rọ̀ wọn fún ayé, ní 1945 ni wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ojú ọdẹ ni ojú ìlú nínú ìgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ìgbà ogun. Nígbà tí Ìlọrin àti Ìbàdàn ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó nídìí tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń dúró de ìgbà tí odò fà: ẹṣin ò lè sáré nínú ẹrẹ̀ àti koríko gíga. Ogun Jálumi, tí wọ́n jà nítòsí Ìkìrun ní 1878, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ni, bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀. Koríko tó gbẹ fún ọdẹ gbẹ fún jagunjagun náà. Ọdẹ kan náà tó ń ka eérú fún ẹran ló ń kà á fún ẹsẹ̀ ọmọ ogun.

Òyìnbó mú òfin tirẹ̀ dé. Ní 1900, àwọn ìjọba Yúróòpù tó pín Áfíríkà jókòó ní London, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ààbò ẹran ìgbẹ́ wa. Gbogbo wọn kọ́ ló padà fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìwé náà ò sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ya ilẹ̀ Borgu sọ́tọ̀ fún ẹran ní 1962. Inú ìpínlẹ̀ Kwárà ni Borgu wà títí di 1991, kí wọ́n tó gbé e fún ìpínlẹ̀ Niger. Lónìí ó jẹ́ apá kan ọgbà ẹran Kainji. Ní 1985, òfin ìjọba àpapọ̀ kan jáde lórí àwọn ẹran tó ń parẹ́. Gbogbo èyí dára. Àmọ́ ẹ wo ibi tí òfin gbájú mọ́: ọgbà tí wọ́n ṣọgbà yí ká àti ọjà òkè òkun. Ìgbẹ́ tó wà láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, òjò àti koríko ni wọ́n ṣì fi ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Nínú iṣẹ́ wa, oríṣi àṣìṣe kan wà tó lè fara pamọ́ sínú kóòdù fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfa wàhálà, torí pé ẹ̀rọ tó ń lò ó ń falẹ̀. Kò sí ohun tó dènà wàhálà náà nínú kóòdù, ìfàsẹ́yìn ẹ̀rọ ló dènà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó yára, ohun gbogbo á tú. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹran wa nìyẹn. Kò sí òfin kankan nínú ìgbẹ́ tó sọ iye tí ọdẹ lè pa. Ìbọn tó ń falẹ̀, ẹ̀tù tó ń tutù, koríko tó ga àti ọ̀nà tó jìn ni òfin. Ìbọn tó ń lo ọta alágolo dé, òjò ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Iná káábáìdì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí dé, ó sọ òru di ọ̀sán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì LED ti China, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀kadà dé, ibi tí wọ́n ń fi ọjọ́ méjì rìn di ìrìn wákàtí kan. Ọ̀dà ojú títì gbé àwọn oníbàárà Ìlọrin àti Èkó wá sí ẹnu ọ̀nà ọdẹ. Ayé ṣípò: oṣù Kẹjọ dà bí oṣù Kìn-ín-ní. Ìlẹ̀kùn wà, àmọ́ kò tì mọ́. Kò sì sí ẹni tó ní ká ṣe òmíràn.

Mi ò sọ pé ọdẹ burú. Ọdẹ tó rí tọ́ọ̀ṣì tí kò rà á, ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé, kí ló fẹ́ fi san owó? Ohun tó ń dùn mí ni pé a jẹ́ kí ààbò kan lọ láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ padà sí Wyoming lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn náà ti pa pronghorn wọn nípakúpa rí, débi pé ó kù díẹ̀ kó parẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà òtútù 2022 sí 2023, yìnyín jìn, àìsàn tún bọ́ sáàárín wọn, ẹran kú bí eṣinṣin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà jáde, wọ́n ka èyí tó kù, wọ́n sì dín iye ìwé àṣẹ tí wọ́n ń tà fún ọdẹ kù lọ́dún yẹn. Ní 2008, wọ́n ti dáàbò bo apá kan ọ̀nà tí àwọn ẹran náà ń gbà lọ gba ìgbà òtútù. Ọdẹ bínú, àmọ́ ọdẹ gbà, torí owó ìwé àṣẹ tirẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó fún àwọn tó ń ka ẹran. Níbí, ta ló ka ìgalà Ìgbómìnà? Olúọdẹ àtijọ́ ló sún mọ́ ọn jù, nítorí pé gbogbo ẹran tó kú lọ́jọ́ iná ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ọjọ́ iná di ti ẹni tó bá ṣáà ní ìṣáná, ìkà yẹn náà bá a lọ.

Àwọn ọdẹ ò sì ráyè fún ẹran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ Kwárà ti gba àlejò mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 2024, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwárà níbí, wọ́n pa ọba ìlú náà. Láti ìgbà náà, tí ìlú bá ń sọ̀rọ̀ ọdẹ, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìmọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: ibi tí omi ṣẹ́ kù sí, ta ló lè wà níbẹ̀, eérú ìgbẹ́ tó jó, ẹsẹ̀ ta ló wà lórí rẹ̀, ṣé bàtà ni àbí ọ̀kadà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó lọ́jọ́ lórí tó mọ ìwé eérú kà ò pọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́ tó dàgbà sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ojú tọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń rí.

Ní ti ẹran, ohun tó kù jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ni ọ̀yà àti òkété, àwọn tó ń bímọ kíákíá. Àwọn kan ti wá ń sin ọ̀yà sínú àgò lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gé koríko fún un bí ẹni ń sin ewúrẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di oṣù Kejìlá, ìyọnu wọn á bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọ̀yà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í lè gba òtútù òru mọ́ra. Wọ́n á wá àpò àti pákó, wọ́n á fi bo ìhà àríwá ìlà-oòrùn àgò náà pinpin, kí ọyẹ́ má bàa wọlé.